Ibi Tí Béèsì Ńlá Kùmásì Ti Wá

Ẹ̀yin ará ní gbogbo ẹ̀ka ìjọ wa, àṣìṣe kan wà tí mo ní láti tún ṣe kí n tó sọ ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí mo ń ṣe olùṣọ́àgùntàn ní Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà, mo kọ ọ́ sínú ìwé ètò àjọ̀dún ẹkùn wa pé ọ̀kan nínú àwọn ìdílé tí ó pẹ́ jù lọ nínú ìjọ ibẹ̀ ní dọ́bù béèsì kan, èyíinì ni ẹ̀gbọ́n àgbà fayolín, tí ó ga ju ènìyàn lọ, tí a sì ń dúró lù. Mo kọ ọ́ pé ilẹ̀ Ítálì ni a ti ṣe é ní ọdún 1721. Mo tún sọ ọ́ láti orí àga ìwàásù. Inú àwọn ènìyàn dùn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òtítọ́. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni ó sì yẹ kí n pa á rẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ìṣògo lásán ni ọ̀rọ̀ náà bí, bóyá èmi ì bá ti jẹ́ kí ó kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé a máa rìn jìnnà ju ẹni tí ó kọ ọ́ lọ. Ẹ̀dà kan nínú ìwé ètò náà dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì bọ́ sí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí béèsì náà wà ní ilé rẹ̀ ní Kùmásì. Ẹnì kan tí ó ti gbé òkè òkun rí sọ fún ẹ̀gbọ́n yìí pé iye owó tí a ń ta ohun èlò tí ó bá ń jẹ́ orúkọ tí mo kọ yẹn lè kọ́ odidi àdúgbò kan. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé Kùmásì pé, “Ìwọ ti rí ohun ìní bàbá wa, o sì fi í pamọ́ fún mi.” Àbúrò bínú, nítorí kò fi ohunkóhun pamọ́, béèsì náà wà ní pálọ̀ níbi tí gbogbo àlejò ti ń rí i. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àgbàlagbà tí ó ti ní ọmọ-ọmọ sì ni àwọn méjèèjì, síbẹ̀ wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ohun tí ó tó ọdún méjì. Nígbà tí a sin arábìnrin wọn ní Ìlọrin, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dúró létí sàárè. Mo wà níbẹ̀. N kò lè gbójú sókè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí bàbá wọn ti ṣe dé ibi tí ó ti ní béèsì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa tí ó gba ọ̀nà Gold Coast lọ, orí àtẹ ni ó ti bẹ̀rẹ̀: ìlẹ̀kẹ̀, dígí, abẹ́rẹ́, òwú, abọ́ tánganran, àti aṣọ nígbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú. Ní ọjà ńlá Kùmásì tí ó wà lẹ́bàá Kejetia ni ó ń pàtẹ sí. Ó gbọ́ èdè Àṣáńtì débi pé ó ń fi í pa òwe. Kì í ṣe olórin nípa iṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ni ó ń darí ẹgbẹ́ akọrin nínú ìjọ wa níbẹ̀, béèsì náà ni ó sì máa ń fi gbé ohùn ìsàlẹ̀ ró ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, nítorí wọn kò ní dùùrù.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1969 dé. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù November ọdún náà, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú fi Gánà sílẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin tí ẹ bá dàgbà tó láti rántí mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì túmọ̀ sí. Àwọn tí a bí sí Kùmásì, tí wọn kò mọ ọ̀nà ilé bàbá wọn ní Nàìjíríà, di ẹrù wọn. A ta ọjà ní ìdajì owó, lẹ́yìn náà ní ìdá mẹ́rin owó, lẹ́yìn náà a fi í tọrẹ. Bàbá yìí kó ìyàwó, ọmọ àti ẹrù sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ṣùgbọ́n awakọ̀ wo béèsì náà, ó ní àyè ènìyàn mẹ́ta ni yóò gbà. Ta ni yóò fi ènìyàn mẹ́ta sílẹ̀ nítorí igi? Ó fi í lé onílé rẹ̀ lọ́wọ́, ọkùnrin Àṣáńtì kan, ó sì sọ fún un pé òun yóò padà wá gbé e. Kò padà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó kú sí.

Onílé náà fi àpò kòkó wé béèsì, ó sì gbé e sí orí àjà. Nígbà tí àbúrò nínú àwọn ọmọ méjèèjì padà sí Kùmásì láti máa ṣòwò, ọmọbìnrin onílé náà ni ó rán ènìyàn lọ pè é, tí ó ní kí ó wá gbé ẹrù bàbá rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ èyí kí àwa ọmọ Nàìjíríà má baà fi ìka sí ojú ẹlòmíràn ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí ní oṣù January ọdún 1983, ìjọba tiwa náà pàṣẹ kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé lọ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ó di ẹrù. Báàgì tí a fi orúkọ wọn pè wà ní ilé gbogbo wa títí di òní.

Báyìí, ọ̀nà wo ni irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ gbà dé Kùmásì? Èyí kò ṣòro láti mọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ti dé ìlú náà láti Sekondi ní ọdún 1903, ó sì so ó pọ̀ mọ́ Accra ní ọdún 1923. Èbúté ńlá Takoradi ṣí ní ọdún 1928. Ohunkóhun tí ilé ìtajà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Hamburg bá lè dì sínú àpótí lè dé Kùmásì. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé, nígbà wo ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a?

Kí béèsì ńlá tó dé, àpótí ni ó ń ṣe iṣẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ nínú orin onígìtá. Àwọn Akan ń pè é ní apremprensua: àpótí igi tí a kan irin pẹlẹbẹ mọ́, tí ẹni tí ó ń lù ú yóò jókòó lé lórí, tí yóò sì máa fi ìka ta irin náà. Ẹni tí ó bá mọ agídìgbo kò ní béèrè àlàyé síwájú sí i. Ní ọdún 1928, àwọn ọkùnrin mẹ́ta, Kwame Asare tí a tún ń pè ní Jacob Sam, H. E. Biney àti Kwah Kanta, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọrin sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Kumasi Trio ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn, “Yaa Amponsah” sì wà lára àwọn orin tí wọ́n kọ. Gìtá ni olórí ohun èlò wọn. Kò sí béèsì ńlá láàrin wọn.

Ọdún 1950 ni E. K. Nyame dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Accra. Ó gbé àpótí náà tì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi dọ́bù béèsì rọ́pò rẹ̀, ó sì mú ìlù irú ti àwọn ẹgbẹ́ oníjó ńlá wọlé pẹ̀lú. Ní ọdún 1952 ó fi eré orí ìtàgé kún un, ó sì pe ẹgbẹ́ eré náà ní Akan Trio. Wọ́n ń rìn káàkiri nínú ọkọ̀ akẹ́rù láti ìlú dé ìlú, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ onígìtá mìíràn sì tẹ̀lé ìṣísẹ̀ wọn. Báyìí ni béèsì ńlá ṣe di ohun tí a ń rí lórí ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà Kùmásì, tí a fi okùn dè mọ́ òrùlé bí ẹran tí a ń gbé lọ sọ́jà. Nígbà tí gìtá béèsì oníná dé, tí ó sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè gbé e, iye owó béèsì ńlá já wálẹ̀. Nígbà náà ni oníṣòwò tí ó fẹ́ràn orin lè rà á.

Lórí bí bàbá ṣe rí béèsì náà, ẹnu àwọn ọmọ kò kò. Ẹ̀gbọ́n sọ pé ọwọ́ ọmọ ogun òyìnbó kan ni bàbá ti rà á nígbà ogun Hitler. Àbúrò sọ pé ọwọ́ ẹgbẹ́ oníjó kan tí ó fẹ́ tú ká ni, lẹ́yìn tí Gánà ti gba òmìnira. Kò sí ìwé owó. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì fi ṣe ẹ̀rí ni ìwé kékeré kan tí a lẹ̀ mọ́ inú béèsì náà, tí ẹni tí ó bá yọjú gba ihò rẹ̀ lè rí. Kò fẹ̀ ju tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ lọ. Èdè Látìn ni a fi kọ ọ́, orúkọ Antonius Stradivarius ti ìlú Cremona wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ọdún 1721. Ìwé yìí ni èmi náà kà, tí mo sì gbàgbọ́. Mo ti kọ́ Látìn díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, inú mi sì dùn pé ó wúlò.

Nígbà tí mo rí ohun tí ọ̀rọ̀ mi ti dá sílẹ̀, mo bẹ ọkùnrin kan tí ó ń tún irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ṣe pé kí ó bá mi lọ sí Kùmásì. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe yà mí lẹ́nu: kò wo ìwé náà rárá. Ó ní ìwé ni a máa ń wò kẹ́yìn, nítorí òun nìkan ni ẹnikẹ́ni lè fi lẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara igi láàrin ìṣẹ́jú kan. Etí ihò béèsì náà ni ó kọ́kọ́ wò, láti mọ̀ bóyá pátákó onípele tí àwọn káfíńtà ń pè ní pìláíwúùdù ni. Ilé iṣẹ́ Kay ní Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú pátákó yẹn ṣe béèsì ní ọdún 1937, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó sì wà láyé. Tiwa kì í ṣe onípele. Igi gidi ni, tí a fi ọwọ́ gbẹ́.

Lẹ́yìn náà ó fi ìka tọ ìlà dúdú tí ó yí etí rẹ̀ ká. Nínú ohun èlò olówó iyebíye, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìlà yẹn, tí a tẹ̀ sínú kòtò tí a gbẹ́, kí lílà má baà wọ inú láti etí. Ti Kùmásì jẹ́ ìlà tí a fi ọ̀dà fà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Pásítọ̀, ẹni tí ó ṣe èyí ní ọ̀pọ̀ ọmọ láti bọ́, kò sì ní àkókò púpọ̀.” Ìgbà náà ni ó tó tan tọ́ọ̀ṣì, tí ó ti dígí kékeré kan bọ inú rẹ̀, irú èyí tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò, tí ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku kòkó ogójì ọdún kúrò lórí ìwé náà. Lábẹ́ Látìn náà, níbi tí eruku ti bò ó mọ́lẹ̀, ìlà kan tún wà tí a fi lẹ́tà wínníwínní tẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: *Made in Czecho-Slovakia*.

Ọdún 1918 ni a dá orílẹ̀-èdè yẹn sílẹ̀, nígbà tí ogun ńlá àkọ́kọ́ parí. Ọkùnrin tí ó kú ní ọdún 1737 kò lè kọ orúkọ rẹ̀. Ìdí tí a fi tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ni pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1887 àti òfin owó ibodè Amẹ́ríkà ti ọdún 1890 ti mú kí àwọn oníṣòwò máa kọ orílẹ̀-èdè tí ọjà ti wá sára rẹ̀. Àmì ìdè kékeré tí ó wà láàrin orúkọ náà wọ́pọ̀ jù lọ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé ọdún 1918 gan-an. Kì í ṣe ẹ̀rí tí ó dúró lórí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá bí iṣẹ́ náà ti rí mu, ọkùnrin náà sì fi béèsì náà sí àárín ogun àgbáyé méjèèjì. Ní ti orúkọ Stradivari, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun èlò ni ó fẹ́ tan ènìyàn jẹ. Ó dà bí ìgbà tí télọ̀ bá sọ pé òun rán agbádá sí ìrísí ti ọba kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a tẹ̀.

Ìlú tí ó ṣeé ṣe jù lọ kí béèsì náà ti wá ni Schönbach, ní ilẹ̀ Bohemia, tí a ń pè ní Luby nísinsin yìí, ní orílẹ̀-èdè Czech. Àwọn tí ń sọ èdè Jámánì ni ó ń gbé ibẹ̀ nígbà náà, ohun èlò olókùn sì ni iṣẹ́ ìlú wọn bí aṣọ òfì ti jẹ́ iṣẹ́ Ìsẹ́yìn. Ilé kan ń gbẹ́ ọrùn, ilé kejì ń gbẹ́ ojú, ilé kẹta ń ṣe ọ̀pá tí a fi ń fa okùn. Bàbá, ìyá àti ọmọ ni ó ń ṣe é nínú yàrá tí wọ́n ń sùn. Oníṣòwò yóò wá kó wọn jọ, yóò sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Ní òdì kejì ibodè, ní ilẹ̀ Jámánì, ni Markneukirchen wà, tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe fìdí múlẹ̀ níbẹ̀: àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí a lé kúrò ní Bohemia nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni ó gbé e lọ, méjìlá nínú wọn sì dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ fayolín sílẹ̀ ní ọdún 1677.

Ìtàn náà kò tán síbẹ̀. Nígbà tí ogun Hitler parí, ní ọdún 1945 àti 1946, a lé àwọn ará Schönbach náà kúrò ní ilé wọn, nítorí pé Jámánì ni wọ́n. Láti ọdún 1949 ọ̀pọ̀ nínú wọn tún tẹ̀dó sí Bubenreuth ní Bavaria, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ igi. Ìdílé Höfner, tí ó ṣe gìtá béèsì tí ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì nì, Paul McCartney, fi di ìlú mọ̀-ọ́n-ká, wà lára wọn. Nígbà tí mo ka èyí, mo jókòó fún ìgbà pípẹ́ kí n tó lè ṣe ohun mìíràn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ó gbẹ́ béèsì náà ti di ẹrù tiwọn ju ogún ọdún lọ kí bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ tó di tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìdílé oníṣòwò nìkan ni ó ń gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́. Serge Koussevitzky, tí ó darí ẹgbẹ́ olórin ńlá ti Boston fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ní béèsì kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn ọmọ Amati ní Cremona ni ó ṣe é ní ọdún 1611. Opó rẹ̀ gbé e fún Gary Karr ní ọdún 1962, ẹni yìí sì fi í lù káàkiri ayé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ igi wá ka òrùka ọdọọdún tí ó wà lójú pátákó rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní ọdún 2005, wọ́n rí òrùka tí igi náà hù ní ọdún 1761. Igi tí ó ṣì wà lórí ìdúró ní ọdún 1761 kò lè ti di béèsì ní ọdún 1611. Karr ti fi í lù fún ogójì ọdún, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé.

Ní ti Kùmásì, ohun méjì tí a rí lẹ́yìn èyí ni ó wú mi lórí jù. Ẹ̀gbẹ́ béèsì náà ti là rí, ẹnì kan sì ti fi igi lẹ̀ ẹ́ láti inú. Kì í ṣe igi ilẹ̀ òtútù ni. Wawa ni, igi tí àwa ń pè ní arère. Lára rẹ̀ ni a fi pẹ́ńsù kọ “Kumasi 1958” sí. Ní òde, ní ojú lílà kan náà, lábẹ́ fáníìṣì, àmì ọ̀dà funfun wà tí a ti ha kúrò, ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta ìkẹyìn kò tán: A, N, D. Lẹ́ẹ̀ tí a fi tún un ṣe gba orí ọ̀dà náà kọjá. Nítorí náà ọ̀dà ti wà níbẹ̀ kí ọdún 1958 tó dé, ẹgbẹ́ oníjó sì ni ó máa ń kọ orúkọ sí ara béèsì. Mo rò pé àbúrò ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù, àmọ́ kò sí ohun tí ó sọ pé ọmọ ogun òyìnbó kan kò kọ́kọ́ tà á fún ẹgbẹ́ náà.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì tọrọ àforíjì. Ẹ̀gbọ́n kò fèsì. Ní àkókò Àjíǹde ọdún tí ó tẹ̀lé e, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó wọ ọkọ̀ wá sí Kùmásì, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò tẹ ilẹ̀ náà láti ọdún 1969. Àbúrò dọ̀bálẹ̀ fún un ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n kọ́kọ́ lọ kí ọmọbìnrin onílé náà, tí ó ti di arúgbó, kí wọ́n tó wọlé wá síbi tí béèsì wà. Ọkùnrin tí ó tún un ṣe ti fi okùn tuntun sí i, ó sì bi ẹ̀gbọ́n bóyá kí òun ṣí ìwé èké yẹn kúrò nínú rẹ̀, kí ó má baà tún tan ẹlòmíràn jẹ. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ síwájú, ó yọjú wo inú ihò náà pẹ́ títí.

Ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá wa bá a.”